Suhlebrock: Ihò Píìnì Kan Lẹ́bàá Konin

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹjọ 2011

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ méjì. Ewald ọkọ mi kú ní Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù Keje, lórí àga tó wà níwájú máàpù rẹ̀. Kọfí rẹ̀ ṣì ń gbóná. Dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní ó dáa. Ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn — ó dáa.

Mi ò tíì sunkún. Kì í ṣe pé mò ń mú un mọ́ra. Kò kàn sí nǹkan kan níbẹ̀, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú.

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀. Mo ra ìwé yìí nílé epo. Ó dáa, mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Lẹ́tà mẹ́ta. Ewald ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Àwọn Suhlebrock ń dáhùn ìpè rẹ̀ ni. Láti oṣù Kẹta ló ti ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ wa láyé pé kí wọ́n wá pàdé ní Horstlage níbí, Sátidé 17 oṣù Kẹsàn-án, ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn tó ń bọ̀ ti di mọ́kànlélógójì. Ẹni tó pè wọ́n ti kú, wọn ò mọ̀.

Ó yẹ kí n kọ̀wé pé kò ní wáyé mọ́. Mo jókòó ti bébà. Mo kọ "Ẹ̀yin Suhlebrock ọ̀wọ́n". Mo dìde lọ bó ọ̀dùnkún.

Ọjọ́bọ̀, 11

Ọ̀gágun wá. Roswitha ni, ẹ̀gbọ́n Ewald, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Mi ò pè é ní Ọ̀gágun lójú rẹ̀ rí. Àmọ́ bó bá ti wọlé, àwọn àga pàápàá á fẹ́ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Ó fẹ́ kó àwọn páálí tí Ewald kó ìtàn ìdílé wọn sí lọ. "Ìyàwó, ti ilé wa nìwé yẹn."

Mo ní Ewald ló kọ wọ́n.

"Nípa wa ló kọ wọ́n. Ọmọ Wissing nìwọ. Wọ́n kàn yá ọ ní orúkọ wa lò ni."

Ó ní kí n fagi lé ìpàdé náà kíákíá, kí orúkọ yìí sinmi. Ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo ti wà nílé wọn, ìyàwó ni mo ṣì ń jẹ́. Mi ò bínú. Mò ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo òjò láti ojú fèrèsé.

Mo ní kò ní rí páálí kankan kó lónìí. Ẹnu ya àwa méjèèjì.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Máàpù Ewald gba ògiri kan tán nínú yàrá kékeré. Mo lọ nu eruku ara rẹ̀.

Píìnì pupa ni ti Jámánì: ilé mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wà níbi téèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ dé láti ibí kí oòrùn tó mú. Mọ́kànlá ní Bochum àti Gelsenkirchen — àwọn àbúrò tí kò rí oko jogún, tí wọ́n lọ wa èédú. Mẹ́fà yòókù fọ́n ká bí ẹ̀wà tó dànù. Píìnì búlúù ni ti Missouri, àwọn tó wọkọ̀ òkun lọ ní 1846. Sulbrook ni wọ́n ń kọ ọ́ báyìí, wọ́n sì ti pọ̀ jù wá lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ní Brazil, aláwọ̀ ewé.

Dwayne Sulbrook ti Missouri sanwó fún ẹnì kan pé kó bá òun wá àmì ìdílé. Ẹni yẹn ya kìnnìún fún un. Ewald kọ̀wé sí i pé ní èdè àtijọ́ àgbègbè wa, suhle ni ẹrẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ ń yí ara nínú rẹ̀, brock ni àbàtà. "Kì í ṣe kìnnìún, ọ̀rẹ́ mi. Ẹlẹ́dẹ̀ ni." Ó ya ẹlẹ́dẹ̀ kan mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ìtàn tó fẹ́ràn jù — láyé àtijọ́ níbí, oko ló ni orúkọ, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin tó bá fẹ́ obìnrin wọ inú oko, ẹnu géètì ló ti ń bọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1741 Suhlebrock ìgbà náà kú láìlọ́mọ. Jobst Kampert, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, fẹ́ opó. Jobst Kampert ló gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, Jobst Suhlebrock ló padà délé. Ọ̀dọ̀ Jobst ni gbogbo píìnì wọ̀nyí ti ṣẹ̀. "Ọmọ ọmọ ọ̀dọ̀ ni gbogbo wa," Ewald á wí. Ọ̀gágun á dìde nídìí oúnjẹ.

Níbi tí mo ti ń nu eruku, mo rí ihò kan. Poland, lẹ́bàá Konin. Ihò píìnì. Píìnì ò sí níbẹ̀.

Ewald kì í ṣèèṣì gún máàpù.

Ọjọ́rú, 17

Òjò. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 18

Ẹ̀rọ ìfọṣọ dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo wá ìwé rẹ̀. Nínú páálí bàtà tó kọ "ẹ̀rọ ìfọṣọ" sí ni mo ti rí lẹ́tà mẹ́ta láti Poland. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti oṣù Kẹta 2003. Èdè Jámánì tó mọ́ gaara, ọwọ́ obìnrin. Mò ń dà á kọ síbí nítorí mi ò gba ojú mi gbọ́:

"Ọ̀gbẹ́ni Suhlebrock, orúkọ mi ni Józef Sulebrok. Ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Horstlage ni wọ́n ti bí mi, 9 oṣù Kìn-ín-ní 1945. Ìyá mi Stefania ṣiṣẹ́ lóko yín nígbà ogun, wọ́n fipá kó o wá ni. Ọmọ ilẹ̀ wa ni bàbá mi, ó ń ṣiṣẹ́ nílé bíríkì, ó kú kí wọ́n tó bí mi. Ìyá mi náà ti kú. Mi ò fẹ́ ilẹ̀, mi ò fẹ́ owó. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: báwo ni mo ṣe dẹni tó ń jẹ́ orúkọ yín?"

Ìkejì, 2004: bóyá lẹ́tà àkọ́kọ́ sọnù. Ìkẹta, káàdì Kérésìmesì 2006. Kò bèèrè nǹkan kan mọ́ níbẹ̀. Ó kàn kí wa ni.

Ewald ò dáhùn. Ewald tó kọ lẹ́tà mọ́kànlá sí Brazil nítorí ọjọ́ ikú ẹnì kan ṣoṣo.

Mo lọ fa káàdì ilé wọn yọ nínú páálí Ewald. Bàbá, Bernhard. Ìyá, Klara. Àwọn ọmọ: Roswitha, 1938. Josef, 9 oṣù Kìn-ín-ní 1945, ìrìbọmi ọjọ́ kẹrìnlá. Ewald, 1948. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé Josef kú ní jòjòló. Ewald fi àyè ọjọ́ ikú sílẹ̀ lófìfo. Àmì ìbéèrè ló fi pẹ́ńsùlù kọ síbẹ̀.

Orúkọ kan náà. Ọjọ́ kan náà.

Ó yé mi, bó ṣe gbọ́dọ̀ ti yé Ewald. Bernhard. Bàbá wọn àti ọmọbìnrin Poland tó ń gbé òkè ilé ẹlẹ́dẹ̀, níbi tí wọ́n ń fi àwọn tí wọ́n fipá kó wá sí. Ìyẹn ló fi yọ píìnì. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń mu kọfí níwájú ihò yẹn, tí èmi náà ń bù sí i fún un.

Mo yẹ inú mi wò bóyá ìbínú wà níbẹ̀. Mi ò rí i. Mo fọwọ́ fọ aṣọ.

Ọjọ́ Ajé, 22

Mo kọ̀wé sí Konin. Kò gùn. Ọkọ mi ti kú. Lẹ́tà yín dé, ó dé láti 2003. Ẹ má bínú. Èmi ò mọ ìdáhùn. Ìpàdé kan ń bọ̀ ní 17 oṣù Kẹsàn-án, ẹ wá bá wa ṣe é.

Ìgbà tí àpòòwé bọ́ sínú àpótí lẹ́tà ni mo tó mọ̀ pé ìpàdé náà yóò wáyé.

Ọjọ́ Ẹtì, 26

Mo pe Ọ̀gágun lórí fóònù. Mo sọ fún un.

"Lọ gbà á padà nílé ìfìwéránṣẹ́."

Mo ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin.

"Ìyàwó, gbọ́. Josef wa ti kú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti Konin wá, kì í ṣe Josef."

Mo ní kò sẹ́ni tó ní Josef ni, ọkùnrin náà kàn ń bèèrè ọ̀rọ̀ ni. Mo ní bó bá jẹ́ ti bàbá yín ni, ó ti pẹ́, gbogbo wọn ti kú, ta ló máa tì wá mọ́lé?

Ó ní mi ò mọ nǹkan kan. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò pariwo. Ọ̀gágun tí kò pariwo — mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ọjọ́rú, 31

Kinga pè, ọmọ Józef tó ń bá a kọ lẹ́tà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Jámánì ní Poznań. Ó ní bàbá òun mú lẹ́tà mi dání lórí bẹ́ǹṣì ìta láti àárọ̀ títí wọ́n fi pè é jẹun, kò bọ́ fìlà. Wọ́n ń bọ̀. Ó bèèrè oúnjẹ tí àwọn lè gbé wá. Mo ní kí wọ́n má gbé nǹkan kan. Ó ní, "Màmá, Bàbá mi ò lè ṣàìgbé nǹkan wá." Ó pè mí ní màmá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Opó lè padà sí orúkọ tí wọ́n bí i mọ́. Ìwé kan ṣoṣo ni, ẹ fọwọ́ sí i, ó parí. Mo ti gba fọ́ọ̀mù náà lánàá. Annegret Wissing. Mo pè é sókè nílé ìdáná láti gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó dún bí orúkọ ọmọ kan tí a jọ kàwé.

Ó wà lórí fìríìjì.

Ọjọ́rú, 7

Ọ̀gá panápaná bèèrè ohun tí òun máa kọ sí káàdì àyà. "Àwọn èèyàn mẹ́tàlélógójì, orúkọ kan. Ṣé kí n kàn tẹ Suhlebrock mẹ́tàlélógójì, kí gbogbo wa lọ sùn?" Mo ní kó kọ orúkọ àbísọ gàdàgbà, kó kọ ìlú sábẹ́. Ó ní ó dáa, Ìyáàfin Ẹlẹ́dẹ̀. Ewald ló ti kọ́ gbogbo abúlé.

Ọjọ́rú, 14

Kéèkì plọ́ọ̀mù mẹ́rin. Mo wá bébà láti to orúkọ àwọn tó máa jókòó sídìí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Kò sí bébà. Mo lo ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù tó wà lórí fìríìjì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyẹn ṣe parí.

Ọjọ́ Ẹtì, 16

Wọ́n dé lọ́sàn-án. Józef kúrú, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ṣe jẹun. Ó gbé ìgò oyin méjì àti olú inú ọtí kíkan wá. Ó bọ́ fìlà kó tó wọlé, ó dé e padà, ó tún bọ́ ọ. Kinga ní láti Konin ló ti ń bá fìlà yẹn jà.

Ó ń sọ èdè Poland, Kinga ń túmọ̀. Ó ní nígbà tí àwọn wà nílé ìwé, òkò ni wọ́n fi ń kí òun. "Ọmọ Jámánì, lọ sílé ẹ." Ó máa ń sáré lọ bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé ilé wo. Ìyá rẹ̀ á ní, "Jẹ ọbẹ̀ rẹ."

Mo gbé wọn lọ sí oko Suhlebrock. Ti Tebbe ẹlẹ́ṣin ni láti 1998. Tebbe ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fún wọn, kò bèèrè ìdí. Òkè ilé ẹlẹ́dẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń kó gàárì sí. Àjà rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé Józef nìkan ló lè nàró níbẹ̀. Ó fọwọ́ lé ògiri. Ó ní, "Ó gbóná." Àwọn ẹṣin ló wà nísàlẹ̀, ara wọn ló ń mú un gbóná. Mo retí kí nǹkan kan ṣe mí. Òórùn awọ nìkan ló wà níbẹ̀.

Nílé, ó tú bébà kan tí wọ́n ká sọ́nà mẹ́jọ. Ìwé ìbí rẹ̀, òǹtẹ̀ Horstlage. Orúkọ ọmọ: Josef Suhlebrock. Bàbá: Bernhard. Ìyá: Klara.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe Stefania. Klara, ìyá ọkọ mi.

Kinga ní, "A máa ń rò pé akọ̀wé ló ṣe àṣìṣe."

Akọ̀wé wa kì í ṣe irú àṣìṣe yẹn. Obìnrin wo ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ọmọ àlè ọkọ rẹ̀?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Ó parí. Lọ́la ni màá kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àwọn mẹ́tàlélógójì pé. Dwayne wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ya kìnnìún sí. Àwọn ará Gelsenkirchen ti kọrin kí kéèkì tó jáde. Mo dìde, mo sọ fún wọn pé Ewald kú. Ohùn mi ò yẹ̀ — bí ẹni ń ka àkókò ọkọ̀ ojú irin. Lẹ́yìn ìyẹn, a ní kí oníkálukú dìde, kó sọ orúkọ àti ibi tó ti wá.

Ọ̀gágun pẹ́ kó tó dé. Dúdú ló wọ̀. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló jókòó sí.

Ó kan Józef. Ó ti há a sórí ní èdè Jámánì: "Josef Sulebrok, láti Konin. Wọ́n bí mi níbí." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀gágun dìde. Ó ní, "Kì í ṣe Josef." Kò kígbe, àmọ́ gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. Ó jáde.

Mo tẹ̀ lé e. Mo rò pé ó ti lọ sílé. Ó dúró ti mọ́tò mi. "Lọ pè é wá. Gbé wa lọ sóko."

Àwa mẹ́rin wọ mọ́tò. Nígbà tí a dé, ó gba ẹ̀yìn ilé ẹṣin lọ bí ẹni tó lè dijú rìn débẹ̀. Igi ápù kan wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti kú. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó sọ ọ́, Kinga ń túmọ̀. Mo rántí gbogbo rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Bàbá wà lójú ogun. Màmá bí Josef lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ọjọ́ méjì péré ló lò. Stefka — bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe Stefania — ti bí tiẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, lókè ilé ẹlẹ́dẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì fi tó ìjọba létí. Ilé kan wà nígbà yẹn tí wọ́n ń kó ọmọ àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ yẹn kì í padà wá. Gbogbo wa la mọ̀, àwa ọmọdé pàápàá.

"Màmá ní kí n lọ pe Stefka. Wọ́n gbé Josef lé e lọ́wọ́, kó lè rí i. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn dáadáa. Kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá bọ́ aṣọ Josef, wọ́n fi wọ ọmọ Stefka, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Fadá, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé. Bàbá àgbà gbẹ́ ilẹ̀ níbí. Ilẹ̀ ti dì bí irin. Iná ni wọ́n dá sórí rẹ̀ kó tó rọ̀.

"Màmá ní bí mo bá la ẹnu, wọ́n máa pa Stefka, wọ́n máa kó wa lọ. Mi ò la ẹnu. Ogun parí, Stefka gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo ti lè sọ̀rọ̀."

Ó yíjú sí mi. "Nígbà tí lẹ́tà dé, Ewald wá bá mi. Ó rò pé Bàbá ló ṣe é. Mo jẹ́ kó máa rò ó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní kó má dáhùn. Josef ò ní òkúta, kò ní ibojì. Orúkọ yẹn nìkan ló ní, ẹlòmíì sì ń jẹ́ ẹ ní Poland."

Józef ní kí Kinga tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó bọ́ fìlà, lọ́tẹ̀ yìí kò dé e padà.

Ó ní ìyá òun ò pe òun ní Józef lọ́jọ́ kan. Zenek ló ń pe òun nílé, lọ́nà, títí tó fi kú. Òun bi í lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun pé kí ló dé. Ó ní, "Józef ní ẹni tó ni ín." Òun rò pé ẹni mímọ́ inú Bíbélì ló ń wí.

Ọ̀gágun wo ilẹ̀. "Kí ni kí n máa wá pè ọ́?"

"Zenek. Ẹ jẹ́ kí Josef wà fún un."

"Suhlebrock ńkọ́?"

Kinga lọ́ra kó tó túmọ̀ ìyẹn. Ọkùnrin náà mi orí. "Màmá yín ló fún mi. Mi ò lè dá a padà."

Ọ̀gágun ní, "O fi ọ̀sẹ̀ kan dàgbà jù ú lọ. Dé fìlà rẹ, Zenek. Afẹ́fẹ́ tutù."

A padà sí gbọ̀ngàn. Wọ́n ti jẹ kéèkì tán. Ọ̀gágun fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ń gé ẹran sínú àwo rẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ọmọ ilé ìwé. Ẹni tó bá bèèrè, ó ní, "Ti wa ni." Kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo délé ní nǹkan bí agogo mẹ́fà, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Mo ṣílẹ̀kùn, mi ò tíì bọ́ bàtà, mo pè é sínú ilé: "Ewald, kì í ṣe bàbá ẹ."

Mo dúró, mò ń retí kó dáhùn. Mo dúró pẹ́.